Ẹ̀kọ́ Ìtọ́jú Ọkàn Lẹ́bàá Bẹ́ẹ̀dì Aláìsàn: Ìbéèrè Àti Ìdáhùn Fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìsìn Ní Ìbàdàn

Lọ́dọọdún, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ọkàn tí mò ń bójú tó yìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá, lórí fóònù, lẹ́yìn ìsìn, nínú mọ́tò. Àwọn òbí wọn máa ń béèrè, àwọn pásítọ̀ tó rán wọn wá sì máa ń béèrè jù wọ́n lọ. Mo ti kọ ìdáhùn sílẹ̀ báyìí bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún wọn lójúkojú. Nínú gbogbo ìtàn aláìsàn tó wà níbí, mo ti yí ibi tó yẹ kí n yí, kí ẹnikẹ́ni má baà dá ẹni náà mọ̀.

Kí ni ẹ̀kọ́ yìí gan-an?

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni. Bí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ṣe máa ń jókòó ti ọ̀gá, tí yóò rán aṣọ tí kò gún, tí ọ̀gá yóò ní kó tú u, kó tún un rán, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Wàá wọ wọ́ọ̀dù, wàá jókòó ti aláìsàn, wàá padà wá kọ ohun tí ẹ jọ sọ sílẹ̀, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ á bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò, lọ́jọ́ kejì wàá tún padà lọ. Kíláàsì wà, ìwé kíkà wà, ṣùgbọ́n aláìsàn ni olùkọ́ àgbà.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ báyìí?

Anton Boisen ni, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ní Amẹ́ríkà. Ní 1925 ló kó akẹ́kọ̀ọ́ ìsìn 4 jọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní ìlú Worcester, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ohun tó jẹ́ kí ìtàn rẹ̀ máa wọ̀ mí lákínyẹmí ara ni pé òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ aláìsàn rí. Ní 1920, ọkàn rẹ̀ dàrú débi pé wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ọpọlọ. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, kò fi ohun tí ojú rẹ̀ rí pamọ́. Ó padà sí irú ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlùfáà ilé ìwòsàn, ó sì ní kí àwọn tó fẹ́ di pásítọ̀ wá ka ènìyàn bí wọ́n ṣe ń ka ìwé. Iṣẹ́ olùtọ́jú wọ́ọ̀dù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ń ṣe lójú mọmọ. Dókítà kan ní Boston, Richard Cabot, wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí òun náà gbà pé bí dókítà ṣe ń kọ́ṣẹ́ lẹ́bàá aláìsàn ló yẹ kí àlùfáà ṣe.

Ó yẹ kí èyí yé àwa ará Ìbàdàn ju ẹnikẹ́ni lọ. Kí ni wọ́n kọ́ UCH fún, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì tí wọ́n ṣí ní 1957? Nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọn ó ti máa kọ́ṣẹ́ lára aláìsàn. Kò sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n ka ìwé tán, kí wọ́n kàn gba ọ̀bẹ kí wọ́n máa la ènìyàn níkùn. Àwa là ń ka ìwé tán tí a ń lọ la ọkàn ènìyàn. Ilé ẹ̀kọ́ ìsìn sì pọ̀ nílùú yìí: Immanuel ní Samonda, tí Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ ní 1958, sẹ́mínárì àwọn Kátólíìkì ní Bódìjà, àti àwọn kéékèèké tí mi ò lè kà tán. Láti Samonda dé UCH, mélòó ni owó mọ́tò?

Mo ti ń bá ìyá mi lọ bẹ aláìsàn wò láti kékeré. Kí ló kù tí ẹ fẹ́ kọ́ mi?

Ọ̀pọ̀ nǹkan lo ti mọ̀. Ọmọ tó bá ti bá ìyá rẹ̀ gbé abọ́ oúnjẹ lọ fún aláìsàn ti mọ̀ pé a kì í pariwo níbẹ̀, pé a kì í pẹ́ jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì kọ́ ni bí a ṣe ń gbọ́ràn. Wo àkọsílẹ̀ yìí, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ lẹ́yìn àbẹ̀wò rẹ̀ kẹta:

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ káàsán Mà. Ẹ kú ìnira. Ṣé ara ti ń le?
Màmá: A dúpẹ́.
Akẹ́kọ̀ọ́: Ọlọ́run á wò yín sàn, Mà. Kò sóhun tó ṣòro fún un.
Màmá: Àmín. Ọmọ mi ò wá lánàá.
Akẹ́kọ̀ọ́: Yóò wá, Mà. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.
Màmá: Ó dáa.

Nígbà tó kà á fún wa, inú rẹ̀ dùn. Màmá ṣe àmín, Màmá dúpẹ́. Mo ní kó tún ìlà kẹrin kà. Ó kà á. Mo ní kó tún un kà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé bébà náà sílẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Màmá ti ṣílẹ̀kùn fún un, òun ló fi àdúrà tì í.

Ó padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Mà, ẹ sọ lánàá pé ọmọ yín ò wá." Màmá dákẹ́, ó ń fi ìka ká etí ìborùn rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Ìgbà tó yá ló sọ pé òun lòun ní kí ọmọ náà má wá mọ́. Ọmọ náà ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti fi san owó iṣẹ́ abẹ òun, ojú sì ń ti òun láti wo ojú rẹ̀. Ó lé ní wákàtí kan tí wọ́n fi jókòó. Nígbà tí wọ́n wá gbàdúrà, àdúrà náà mọ ibi tó ń lọ.

Irú àkọsílẹ̀ yìí ni ọ̀pá ìdúró ẹ̀kọ́ wa: ọ̀rọ̀ tí aláìsàn sọ, èyí tí ìwọ sọ, ibi tí ẹ ti dákẹ́, ohun tó ń lọ nínú rẹ nígbà náà. Lẹ́yìn tó o bá jáde lo máa kọ ọ́, láti inú iyè rẹ. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi fóònù gba ohùn aláìsàn sílẹ̀. Orúkọ aláìsàn kì í sì wọ inú rẹ̀.

Ṣé ẹ̀yin náà ti ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí?

Mo ti ṣe èyí tó burú jù ú lọ. Ọdún tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ní ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, mo wọ wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ láàárọ̀ kùtùkùtù. Obìnrin kan jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó fi aṣọ di àyà. Ẹnu mi ti mọ́ra. Mo ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o! Ẹ kú ọwọ́ lómi!" Ó gbójú sókè wò mí. Ó ní, "A dúpẹ́, Pásítọ̀." Nọ́ọ̀sì ló fà mí lápá jáde tó sọ fún mi pé ọmọ náà ti kú lóru.

Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé ó dá mi lóhùn. Nínú ìbànújẹ́ tó wà, ó ṣì wá bí yóò ṣe bo àṣírí àṣìṣe mi.

Yorùbá ní kíkí fún gbogbo nǹkan, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kíkí a máa sáré jáde lẹ́nu kí ojú tó ríran. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì wọ wọ́ọ̀dù kankan láì kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, kí n béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ láti àná. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, mo máa ń dúró díẹ̀ wo yàrá. Ṣé ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá? Ṣé bẹ́ẹ̀dì tó kún lánàá ti ṣófo?

Wàá sì gbọ́ tí àwọn àgbà á máa sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ àgbà sì ni. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́sàn-án ni obìnrin yìí fi pọn omi náà. Jẹ́ kó sunkún omi rẹ̀ ná. Bí ó bá fúnra rẹ̀ dé orí ọ̀rọ̀ agbè lọ́jọ́ mìíràn, ṣe àmín sí i. Má ṣe jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ ọ́, má sì sọ pé "ó ti tó, ẹ má sunkún mọ́". Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í nílẹ̀ fún ọjọ́ 7 tọ̀sán-tòru láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́.

Ṣé ẹ ò fẹ́ ká máa gbàdúrà ni?

À ń gbàdúrà o. Pásítọ̀ tí kò gbàdúrà, kí ló wá ṣe? Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: "Mà, ṣé ẹ fẹ́ kí n gbàdúrà? Kí ni ẹ fẹ́ kí n bá yín sọ fún Ọlọ́run?" Ẹnu á yà ọ́ sí ohun tí wọ́n máa sọ. Bàbá kan tí gbogbo wa rò pé ìwòsàn ló ń wá ní kí a bá òun dúpẹ́, nítorí pé àbúrò òun tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ti pè é.

Ní ti ariwo, wọ́ọ̀dù kì í ṣe orí òkè àdúrà. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ẹni tí oorun ò kùn láti ọjọ́ mẹ́ta wà ní ìkẹta. Òróró, ẹ fi sílé. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ da òróró sórí egbò ẹni tí iná jó. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n egbò náà kò nílò òróró inú ìgò tí gbogbo ọwọ́ ti kàn. Bí ìjọ aláìsàn bá ní òfin fífi òróró yàn án, àlùfáà rẹ̀ á bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́ ná. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó wọlé àti bí ẹ bá jáde. Ẹ má jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

Nínú ìjọ tiwa, a kì í lo oògùn. Ṣé mo lè ṣe ẹ̀kọ́ yìí?

O lè ṣe é, a sì ti ní irú rẹ. Láti ìgbà ìsọjí ọdún 1930 tí Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá wà nídìí rẹ̀ ní Iléṣà ni àwọn baba wa kan ti gbé ara lé omi àti àdúrà, tí wọ́n kọ oògùn. Mi ò jẹ́ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìyá mi kú sí, kò sì sẹ́ni tí mo rí tó mọ Ọlọ́run jù ú lọ. Àmọ́ òfin kan wà tí kì í yẹ̀: o ò gbọ́dọ̀ sọ fún aláìsàn, tààrà tàbí lọ́nà ẹ̀bùrú, pé kó dá oògùn rẹ̀ dúró. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó bá da oògùn nù nítorí ọ̀rọ̀ rẹ lè ti di alárùn rọpárọsẹ̀ kí oṣù tó parí, ìwọ ò sì ní sí níbẹ̀. Ẹni tó bá rú òfin yìí, a ó dá a padà sílé lọ́jọ́ náà.

Bí aláìsàn bá jẹ́ Mùsùlùmí ńkọ́?

Ìbàdàn la wà. Nínú wọ́ọ̀dù tó ní bẹ́ẹ̀dì 10, a kì í ṣàìrí wọn, ìdajì ẹbí tìrẹ náà lè jẹ́ Mùsùlùmí. Kí wọn, bá wọn jókòó bí wọ́n bá fẹ́, má fi àìsàn wọn wá ọmọ ìjọ. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan bá Alhaji kan tí wọ́n fi irin fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, tí ojú rẹ̀ ń wá nǹkan káàkiri. Tẹ̀sùbáà rẹ̀ ló ti bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì lè bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kúnlẹ̀, ó fà á jáde, ó fi áńkáṣíìfù nu eruku orí rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló bá a pe Lèmọ́ọ̀mù àdúgbò rẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tó ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún wa, ó ní òun ò mọ̀ bóyá òun ṣiṣẹ́ pásítọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní kó ka Lúùkù orí 10, ibi tí ará Samáríà wà.

Ẹbí ní kí n má jẹ́ kí Màmá mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni. Kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè tó le jù nìyí, mi ò sì ní ìdáhùn kan tó bá gbogbo rẹ̀ mu. Kì í ṣe ìwọ lo máa sọ orúkọ àìsàn fún aláìsàn, iṣẹ́ dókítà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni o ò gbọ́dọ̀ bá ẹbí parọ́. Bí Màmá bá bi ọ́ pé "Ṣé màá yè é?", má sáré sọ pé "Ẹ ó yè é lágbára Ọlọ́run". Bi í pé, "Mà, kí ni ọkàn yín ń sọ fún yín?" Lọ́pọ̀ ìgbà, Màmá ti mọ̀. Ó ti rí i lójú àwọn ọmọ. Òun ń fi pamọ́ fún wọn, àwọn ń fi pamọ́ fún un, kálukú ń dá sunkún ní ibi tirẹ̀. Mo ti mọ ìyá kan tó ti pín aṣọ rẹ̀ lọ́kàn tán, tó mọ ẹni tó máa jogún àrán rẹ̀ àti ẹni tó máa mú ìlẹ̀kẹ̀, tí kò rí ẹni bá sọ ọ́ nítorí pé bó bá ti la ẹnu ni wọ́n ń ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́". Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan ló mú bírò, tó bá a kọ ọ́ sílẹ̀.

"Àìsàn ló ṣeé wò, a ò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe." Àwọn tó mọ òwe yìí jù ni àwọn tó ń tọ́jú ẹni tí ìwòsàn ti kọjá agbára dókítà. Cicely Saunders, tó ti ṣe nọ́ọ̀sì kó tó di dókítà, dá ilé ìtọ́jú irú wọn sílẹ̀ ní London ní 1967. Ó kọ́ ayé pé ìrora wọn kì í ṣe ti ara nìkan, ti ọkàn wà nínú rẹ̀, ti owó wà nínú rẹ̀, ti ẹbí náà wà nínú rẹ̀. UCH náà ní ẹ̀ka irú rẹ̀. Bí o bá débẹ̀, fẹ̀sọ̀ rìn.

Bí aláìsàn bá ní ayé ló ń ṣe òun ńkọ́?

Wọ́n á sọ ọ́, bóyá ìyàwó bàbá, bóyá ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò. Má bá a jiyàn, má sì bá a dárúkọ ọ̀tá. Mo ti rí ẹbí tó pín sí méjì nítorí pé pásítọ̀ kan jókòó létí bẹ́ẹ̀dì tó ní òun rí àbúrò ìyá nínú ìran. Ẹ̀rù ló ń ba aláìsàn, ẹ̀rù náà sì ní orúkọ ẹnìkan. Béèrè pé ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀, pé kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ẹni náà. O lè bá ìjà ilẹ̀ níbẹ̀, o lè bá gbèsè. O lè gbàdúrà ààbò fún un láì fi ìka tọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ tí aláìsàn bá bá mi sọ, ta ni mo lè sọ ọ́ fún?

Alábòójútó rẹ, nínú ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ wa, láìdárúkọ. Kì í ṣe aya rẹ, kì í ṣe pásítọ̀ rẹ, má sì sọ ọ́ lórí pẹpẹ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Àyè kan ṣoṣo ló yàtọ̀: bí ẹnìkan bá sọ pé òun fẹ́ pa ara òun tàbí ẹlòmíràn, o ò gbọ́dọ̀ jáde níbẹ̀ láìsọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Sọ fún aláìsàn pé o máa sọ ọ́. Dúró tì í títí wọn ó fi dé.

Ṣé ilé ìwòsàn nìkan ni iṣẹ́ yìí wà?

Rárá. Jésù so aláìsàn àti ẹlẹ́wọ̀n pọ̀ nínú Mátíù 25: "mo ṣe àìsàn, ẹ̀yin sì bojú tó mi: mo wà nínú túbú, ẹ̀yin sì tọ̀ mí wá." Àwọn ológun ní àlùfáà tiwọn, ọlọ́pàá ní, àwọn ilé ìwé náà ní. Àwọn tó bá fẹ́ iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, irú ti Agodi, máa ń lọ ní ìdajì kejì ẹ̀kọ́, lẹ́yìn ìyọ̀ǹda àwọn aláṣẹ. Ìrora ibẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà ni ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́jọ́, wọn kò mọ ọjọ́ tí wọn ó jáde. Aláìsàn á bi ọ́ pé ṣé òun máa sàn. Ẹni yìí á bi ọ́ pé ṣé ìyá òun ṣì wà láyé, ó sì lè ní kí o bá òun lọ wò ó. Má ṣe ìlérí tí o ò lè mú ṣẹ.

Ṣé obìnrin lè ṣe é?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìjọ yálà ó ń fi obìnrin joyè àlùfáà tàbí kò ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ wà tí ìyá kan kò ní sọ fún ọkùnrin láéláé.

Bí èmi fúnra mi bá sunkún ńkọ́?

Sunkún. Róòmù 12 ní kí a sunkún pẹ̀lú àwọn tí ń sunkún. Ohun tí mo máa bi ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tí o sunkún fún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí kì í wọ yàrá tí bàbá àgbàlagbà bá wà. Yóò gba ọ̀nà mìíràn, yóò ní àkókò ti lọ. Ó pẹ́ kí ó tó sọ fún ẹgbẹ́ pé ìdánwò lòun ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí bàbá òun kú, pé wọn ò sọ fún òun títí wọ́n fi sin ín. A jókòó tì í. Kò sẹ́ni tó gbàdúrà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n fún òun ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin.

Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó? Ṣé ìwé ẹ̀rí wà?

Ní Amẹ́ríkà, ìpele kan kì í dín ní wákàtí 400, ó kéré tán 100 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀kọ́ pẹ̀lú alábòójútó àti ẹgbẹ́. Àwa náà ń fi ìwọ̀n yẹn wo ara wa, a sì máa ń pín in sí àsìkò ìsinmi ilé ẹ̀kọ́. Ìwé ẹ̀rí wà. Ẹ̀yin òbí tó ń béèrè bóyá yóò mú owó oṣù wá, kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ń gba àlùfáà sí iṣẹ́ olówó oṣù. Ọ̀pọ̀ wọn ni ìjọ ń rán. Mi ò ní tan yín jẹ.

Kí ni kí n mú wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Jẹun kí o tó jáde nílé, torí òórùn ibẹ̀ kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ikùn òfìfo. Bàtà pẹlẹbẹ tí kì í dún. Ìwé kan tó le lẹ́yìn, bírò méjì. Omi mímu. Má fín lọ́fínńdà, ó ń rùn sí àwọn kan. Bíbélì kékeré wọ àpò, kó má hàn lọ́wọ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́. Pa fóònù. Aago méje àárọ̀ la ó pàdé níwájú géètì, nítorí pé àwọn nọ́ọ̀sì alẹ́ máa ń lọ láìpẹ́ sí ìgbà náà, àwọn ló sì mọ ẹni tí kò sùn.